Bẹ̀nẹ̀ Kéré, Ìbàdàn Tóbi: Ta Ló Ń Kọ́ Ọmọbìnrin ní Bọ́ọ̀lù?

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, bí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀ lórí òkè Màpó ní Ìbàdàn, àwọn ọmọkùnrin àdúgbò Béyerúnkà a gbé òkúta méjì síhìn-ín, méjì sọ́hùn-ún, títì á di pápá. Ọlọ́kadà á fọn fèrè títí, kò ní rí ọ̀nà kọjá àfi bí bọ́ọ̀lù bá jáde. Ìyá ẹlẹ́kọ á sún ìkòkò rẹ̀ wọ abẹ́ òrùlé. Àwọn ọmọbìnrin náà wà níbẹ̀: ọ̀kan pọn àbúrò sẹ́yìn, ọ̀kan gbé àwo ẹ̀pà kalẹ̀ kó lè wòran dáadáa, ọ̀kan jókòó sórí pèpéle, ó ń ka iye góòlù. Bí bọ́ọ̀lù bá bọ́ sí gọ́tà, ọ̀kan nínú wọn ni yóò sábà bá wọn yọ ọ́. Ẹ wo bí ó ṣe ń dá a padà. Kì í fọwọ́ jù ú. Ẹsẹ̀ ló fi ń ta á, bọ́ọ̀lù a sì lọ tààrà bá ẹni tó fẹ́ kó lọ bá. Ibẹ̀ ni eré tirẹ̀ parí sí, nítorí kò sẹ́ni tí yóò ní kó wọlé wá gbá a.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 28 oṣù Kẹwàá, ọdún 2025, ní pápá MKO Abíọ́lá ní Abẹ́òkúta, ibi tí ọkọ̀ Ìbàdàn ń ná lójoojúmọ́, àwọn obìnrin Bẹ̀nẹ̀ wá kojú Super Falcons, ikọ̀ obìnrin Nàìjíríà, nínú ìdíje àtiyege fún ife ilẹ̀ Áfíríkà. Oṣù mẹ́ta péré ṣáájú ni Falcons gba ife ilẹ̀ Áfíríkà ẹlẹ́ẹ̀kẹwàá wọn ní Rabat. Bẹ̀nẹ̀ ní tirẹ̀ kò tíì dé ìdíje náà rí. Ashleigh Plumptre ló kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n fún Nàìjíríà, àwọn èrò sì ń retí òmíràn lé e. Bẹ̀nẹ̀ ló gbá òmíràn. Ọ̀mì 1–1 ni wọ́n ta. Nàìjíríà ló lọ síwájú, nítorí pé ó ti na Bẹ̀nẹ̀ ní 2–0 ní Lomé ní ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú. Amazones ni ìnagijẹ ikọ̀ Bẹ̀nẹ̀, orúkọ tí àwọn Òyìnbó fún àwọn ọmọ ogun obìnrin ọba Dàhómì. Ọmọ Ẹ̀gbá tó bá mọ ìtàn yóò rántí pé ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn obìnrin wọ̀nyẹn gbógun dé ẹnu odi Abẹ́òkúta, ní 1851 àti ní 1864, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni wọ́n sì fìdí rẹmi. Àwọn ti 2025 kò gba nǹkan kan lọ sílé lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn ò fìdí rẹmi.

Àwọn tó ń jiyàn bọ́ọ̀lù ní ilé ìwòran ní Ọjà'ba ní àlàyé kan tó máa ń yá lẹ́nu wọn bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀: wọ́n á ní àwọn Falcons ti yó, wọn ò ka ẹni tí wọ́n ń bá gbá sí, ni wọ́n ṣe dẹwọ́. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àbùkù àlàyé yẹn ni pé Nàìjíríà nìkan ló ń wò. Kò bi wá léèrè ibi tí ẹni tó dá góòlù padà ti kọ́ iṣẹ́. Bẹ̀nẹ̀ kò ju nǹkan bí mílíọ̀nù 14 èèyàn lọ, àwa sì ju mílíọ̀nù 200. Bó bá ṣe pé iye èèyàn ló ń gbá bọ́ọ̀lù ni, kò yẹ kí ìjà náà ní ìtàn. Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyí: ikọ̀ orílẹ̀-èdè kì í bẹ̀rẹ̀ láti àgọ́ ìgbáradì ní Abuja tàbí ní Kútọnu. Ibi tí ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́sàn-án ti ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí ẹnìkan tó mọ iṣẹ́ sì ń wò ó, ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Orílẹ̀-èdè kékeré tó bá ní irú ibẹ̀ mélòó kan lè dúró níwájú ẹnikẹ́ni. Ìlú ńlá tí kò bá ní, èrò lásán ló ní, kò tíì ní agbábọ́ọ̀lù. Ìbàdàn ni mo sì ń bá wí jù, pàápàá Ìbàdàn àtijọ́: Ọjà'ba, Bẹẹrẹ, Màpó àti Béyerúnkà.

Wọ́n ti kọ́kọ́ tì wọ́n jáde

Ká má ṣe bí ẹni pé àwọn obìnrin ló pẹ́ dé. Ní 1921, àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fòfin de obìnrin lórí pápá àwọn ẹgbẹ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀, ní àkókò tí ẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́wàá-mẹ́wàá èèyàn ti ń ya lọ wòran wọn. Àádọ́ta ọdún ni òfin yẹn fi wà. Ní 1950, àjọ bọ́ọ̀lù Nàìjíríà, tó ń wo ojú ọ̀gá rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, gbé irú ìgbésẹ̀ kan náà, nítorí pé àwọn obìnrin ti ń gbá bọ́ọ̀lù níhìn-ín pẹ̀lú. Ẹni tó bá wá ń sọ lónìí pé bọ́ọ̀lù obìnrin kò bá àṣà wa mu, kó kọ́kọ́ wádìí ẹni tó kọ òfin náà. Kì í ṣe Olúbàdàn, kì í sì í ṣe Aláàfin.

Ìparí àwọn ọdún 1970 ni nǹkan tún bẹ̀rẹ̀ sí í yọrí, kì í sì í ṣe ìjọba ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àwọn aládàáni ni: Ọmọba Bọ́lá Jẹ́gẹ́dẹ́ tó dá Jegede Babes sílẹ̀, àwọn tó wà nídìí Ufuoma Babes ní Warri, àti àwọn mìíràn tí wọ́n fi owó àpò ara wọn ra bọ́ọ̀lù àti bàtà. Nígbà tí FIFA gbé Ife Àgbáyé obìnrin àkọ́kọ́ kalẹ̀ ní Ṣáínà ní 1991, ọwọ́ irú àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí ni Nàìjíríà ti ṣa ikọ̀ rẹ̀ jọ. Wọ́n pàdánù ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọn ò sì gbá góòlù kan wọlé. Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà, ní 1999, wọ́n wà láàárín mẹ́jọ tó gbẹ̀yìn lágbàáyé, Bràsíìlì sì ní láti dúró de àfikún àkókò kó tó fi 4–3 ṣẹ́gun wọn. Kò sí Ife Àgbáyé obìnrin kan tí Nàìjíríà kò lọ, láti 1991 títí dé 2023.

Ìtàn yìí dùn, ó sì ti ń tàn wá jẹ. Àkókò tí àwọn yòókù kò tíì bẹ̀rẹ̀ la yọ sílẹ̀. Ní ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà tí a gbàlejò ní 1998, 8–0 la fi na Mòrókò. Ní 26 oṣù Keje, 2025, nínú àṣekágbá ní Rabat, Mòrókò kan náà ti fi 2–0 ṣáájú kí Esther Okoronkwo, Fọláṣadé Ìjàmílúsì àti Jennifer Echegini tó gba ife náà lẹ́nu wọn. Ariwo ayọ̀ ọjọ́ yẹn kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ bi ara wọn léèrè bí góòlù mẹ́jọ ṣe di ẹyọ kan.

Ọ̀nà ẹ̀bùrú àti ọ̀nà tó jìn

Orílẹ̀-èdè kékeré kan ti gbìyànjú ọ̀nà ẹ̀bùrú. Equatorial Guinea, tí èèyàn rẹ̀ kéré sí ti Ìbàdàn lọ́nà tó hàn sí gbogbo ojú, gba ife ilẹ̀ Áfíríkà lẹ́ẹ̀mejì, ní 2008 àti ní 2012, orí pápá tirẹ̀ sì ni nígbà méjèèjì. Ní 2008, àwa gan-an ni wọ́n lé jáde ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá, ìgbà àkọ́kọ́ tí ife náà bọ́ lọ́wọ́ Nàìjíríà. Ní 2011, wọ́n lọ sí Ife Àgbáyé ní Jámánì. Èpò tó wà nínú ẹ̀ ni pé owó epo rọ̀bì ló ń sáré jù nínú ikọ̀ náà: àwọn ọmọ Bràsíìlì tí wọ́n fún ní ìwé ìrìnnà ló kún inú rẹ̀. Ní 2017, FIFA já wọn kúrò nínú Ife Àgbáyé 2019 nítorí àwọn agbábọ́ọ̀lù tí kò lẹ́tọ̀ọ́. Látìgbà náà, orúkọ wọn kò tún dún bí ti tẹ́lẹ̀. Nígbà tí àwọn àlejò lọ, kò sí ọmọ ilé tó lè wọ bàtà wọn.

Jàmáíkà gba ọ̀nà mìíràn, òun náà kò sì gún. Owó tán lọ́wọ́ àjọ bọ́ọ̀lù wọn ní nǹkan bí 2010, wọ́n sì tú ikọ̀ obìnrin ká títí orúkọ wọn fi kúrò nínú àtẹ FIFA. Ní 2014, Cedella Marley, ọmọ olórin Bob Marley, gbé wọn dìde padà, ó ń wá owó kiri fún wọn. Ní 2019, wọ́n di ikọ̀ obìnrin àkọ́kọ́ láti erékùṣù Karíbíà tó dé Ife Àgbáyé. Kí ti 2023 tó bẹ̀rẹ̀, owó ìgbáradì tún wọ́n débi pé ìyá agbábọ́ọ̀lù kan bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ikọ̀ tí wọ́n fi owó ìtọrọ gbé lọ yìí ta ọ̀mì òdo sí òdo pẹ̀lú Faransé àti Bràsíìlì, ó na Panama ní 1–0, ó sì kúrò ní ìpele ìsọ̀rí láìjẹ́ kí góòlù kan wọlé. Jàmáíkà kò tó mílíọ̀nù 3 èèyàn. Ètò ìkànìyàn ọdún 2006 ka iye tó lé ní mílíọ̀nù 2.5 sínú ìjọba ìbílẹ̀ mọ́kànlá Ìbàdàn, ìlú náà sì ti fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ láti ìgbà náà. A jẹ́ pé Jàmáíkà àti Ìbàdàn, ojúgbà ni wọ́n.

Nítòsí wa níhìn-ín, Tógò dé ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́ ní 2022. Obìnrin ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Kaï Tomety. Wọ́n jẹ góòlù mẹ́rin mẹ́rin lọ́wọ́ Túnísíà àti Sáńbíà, ṣùgbọ́n wọ́n ta ọ̀mì 1–1 pẹ̀lú Kamẹrúùnù tó ti lọ sí Ife Àgbáyé. Cape Verde, erékùṣù tí èèyàn inú rẹ̀ kò ju nǹkan bí 500,000, lé Mali nínú ìdíje àtiyege fún 2026, ní oṣù kan náà tí àwọn ọkùnrin wọn yege fún Ife Àgbáyé. Ẹ kó Cape Verde márùn-ún sínú Ìbàdàn, àyè á ṣì kù. Mòrókò kò kéré ní tirẹ̀, àmọ́ òun ló kọ́ àwọn kékeré ní ọgbọ́n: láti 2020 ni àjọ bọ́ọ̀lù wọn ti sọ líìgì obìnrin di iṣẹ́ olówó oṣù. Láàárín ọdún márùn-ún, wọ́n dé àṣekágbá Áfíríkà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì gba ìpele ìsọ̀rí kọjá nínú Ife Àgbáyé àkọ́kọ́ tí wọ́n lọ.

Bẹ̀nẹ̀ kò ní owó Mòrókò. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí wọ́n kà sí ti ilé wọn pàápàá, Lomé ni wọ́n ti gbá a, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọkùnrin wọn náà ti ń fi Abidjan ṣe ilé. Ohun tí wọ́n ní ni pé ìjọba dá kíláàsì eré ìdárayá sílẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, tọkùnrin tobìnrin, wọ́n sì kọ́ pápá sí àwọn ìlú kéékèèké tí kò sẹ́ni tó ń fẹnu kàn wọ́n tẹ́lẹ̀. Mi ò ní purọ́ pé èyí ti sọ wọ́n di ọ̀gá. Wọ́n ṣì wà lẹ́yìn, Nàìjíríà ló sì lọ síwájú. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin tó wà ní kíláàsì eré nílé-ẹ̀kọ́ ní olùkọ́, ó ní aago tí wọ́n ń dé pápá, ó sì ní ẹni tí yóò bi í léèrè bí kò bá wá. Lójú tèmi, góòlù Abẹ́òkúta ti ibẹ̀ wá ju ti ìdẹwọ́ ẹnikẹ́ni lọ.

Wọ́n lè dá mi lóhùn pé ọmọ òkè òkun ló kún inú ikọ̀ àwọn erékùṣù wọ̀nyí: Jàmáíkà ń kó ọmọ tí wọ́n tọ́ ní Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà, Cape Verde ń kó ti Pọtogí. Òtítọ́ ni. Àwa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Leicester ni wọ́n bí Plumptre sí, ibẹ̀ ló sì ti kọ́ bọ́ọ̀lù. Ṣé ìyẹn wá ba ọ̀rọ̀ mi jẹ́? Ó tún kín in lẹ́yìn ni. Kí ọmọ náà tó di ti Nàìjíríà tàbí ti Jàmáíkà, àdúgbò kan ti ní ẹgbẹ́ ọmọdé, àti akọ́nimọ̀ọ́gbá tó ń dúró dè é lẹ́yìn ilé-ìwé. Iṣẹ́ tí àwa ò ṣe nílé ni ẹlòmíràn bá wa ṣe lọ́hùn-ún.

Ìbàdàn ńkọ́?

Kò sí ìlú tó lè pe ara rẹ̀ ní ìlú bọ́ọ̀lù ju Ìbàdàn lọ. Ní 1976, Shooting Stars, tí wọ́n ń pè ní IICC nígbà náà, gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà fún àwọn tó gba ife orílẹ̀-èdè wọn, wọ́n sì di ẹgbẹ́ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba ife Áfíríkà. Ní 1992, wọ́n tún gba ife CAF, àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Áfíríkà. Mudá Lawal àti Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí tó gbá bọ́ọ̀lù fún wọn, ẹnu ọmọdé tí kò tíì dáyé nígbà yẹn ṣì ń pè wọ́n ní Ọjà'ba. Pápá méjì tó lórúkọ ló wà nínú ìlú, èyí tó wà ní Òkè-Àdó tí wọ́n kọ́ ní 1960 àti Adámásìngbà. Kò sí ohun tí ọmọkùnrin tó mọ bọ́ọ̀lù ní Bẹẹrẹ kò lè fojú inú rí fún ara rẹ̀, nítorí pé ó ti rí ẹni tó gba ọ̀nà yẹn.

Wàyí o, ẹ ka orúkọ àwọn ẹgbẹ́ tó ti gba líìgì obìnrin Nàìjíríà: Pelican Stars ti Calabar, Delta Queens, Rivers Angels, Bayelsa Queens, Nasarawa Amazons, Edo Queens. Bí a bá tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀, a ó rí Jegede Babes àti Ufuoma Babes. Kò sí ti Ìbàdàn nínú wọn. Ìlú tó ju orílẹ̀-èdè míì lọ kò tíì gba ife náà rí. Ọmọbìnrin tó mọ bọ́ọ̀lù ní Béyerúnkà kò rí ẹnì kankan tó gba ọ̀nà náà ṣáájú rẹ̀, àfi bó bá wo tẹlifísọ̀n.

Ẹni tó bá ní àdúgbò tó há bí Ìbàdàn àtijọ́ kò lè bí agbábọ́ọ̀lù, kó wo Èkó. Rashidat Àjìbádé, balógun Falcons tí wọ́n fún ní àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù nínú ìdíje 2025, Mùṣín ló dàgbà sí. Àṣísàt Òṣóálà, ọmọ Ìkòròdú, ti gba àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù obìnrin Áfíríkà lẹ́ẹ̀mẹfà. Ní 2021 ó wà nínú Barcelona tó gba ife àwọn akọni ilẹ̀ Yúróòpù. Ẹgbẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì gbà kọjá: FC Robo ti Èkó. Kì í ṣe ẹgbẹ́ ìjọba, kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ olówó ńlá. Mùṣín kò gbà ju Ọjà'ba lọ, kò mọ́ jù ú lọ, òbí ibẹ̀ kò sì lówó ju ti ibí. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹnìkan dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, kò sì pa á tì nígbà tí kò mérè wá.

Ohun tí àwọn òbí ń sọ

Àtakò àkọ́kọ́ tí èèyàn yóò gbọ́ ní Ìbàdàn àtijọ́, ti ẹ̀sìn ni. Mùsùlùmí ni púpọ̀ nínú àwọn agbo ilé tó yí Ọjà'ba ká, òbí kò sì fẹ́ kí ọmọ òun tú orí sílẹ̀ tàbí kó wọ ṣòkòtò kúkúrú níwájú ọkùnrin. Mi ò rò pé ó yẹ ká fi èyí ṣẹ̀sín. Ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ ni. Ṣùgbọ́n òfin bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ ti dáhùn. Láti 2014 ni wọ́n ti gbà kí obìnrin fi ìbòrí gbá bọ́ọ̀lù, ní Ife Àgbáyé 2023 sì ni Nouhaila Benzina ti Mòrókò fi híjáàbù wọ pápá, ẹni àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣòkòtò gígùn abẹ́ kúkúrú wà. Akọ́nimọ̀ọ́gbá obìnrin lè wà. Mùsùlùmí ni Òṣóálà, àwọn òbí rẹ̀ kò sì fẹ́ kó gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀rẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ti sọ fún ayé. Ohun tó tẹ́ wọn lọ́rùn níkẹyìn ni pé wọ́n rí ohun tó ti ibẹ̀ wá. Àwọn òbí Ọjà'ba kò tíì rí i, nítorí pé kò tíì sí ẹni tó fi hàn wọ́n.

Èkejì ni pé bọ́ọ̀lù á ba obìnrin jẹ́, kò ní rí ọmọ bí. Èyí kò yẹ kó gba àkókò púpọ̀. Àwọn agbábọ́ọ̀lù obìnrin ń bímọ káàkiri ayé, wọ́n sì ń padà sí pápá, débi pé láti 2021 ni FIFA ti ṣòfin pé ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ fún aboyún ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 14 ó kéré tán, kó sì máa san ìdá méjì nínú mẹ́ta owó oṣù rẹ̀. Ẹni tó gbé ẹrù láti Bẹẹrẹ gun òkè Màpó lójoojúmọ́ kò sá fún wàhálà ara. Kò sì sẹ́ni tó sọ pé ẹrù á bà á jẹ́.

Àtakò tó wúwo ni ti owó. Àwọn tó mọ̀ nípa òwò bọ́ọ̀lù ń sọ pé èrò kì í wá, ìpolówó kì í wá, ta ni yóò wá san owó? Wọ́n ní ẹ̀rí lọ́wọ́: pápá líìgì obìnrin kì í kún. Ṣùgbọ́n ta ló ṣe irú ìṣirò yìí fún ọmọkùnrin Béyerúnkà kó tó ta bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́? Owó ọkọ̀ àti owó ilé ìtura ló ń gba ọ̀pọ̀ owó ẹgbẹ́ àgbà. Ẹgbẹ́ ọmọdé kò ní ìyẹn. Bọ́ọ̀lù, bàtà, omi, owó díẹ̀ fún ẹni tó ń kọ́ wọn, àti pápá. Nígbà tí Falcons gba ife ní 2025, ìjọba àpapọ̀ ṣèlérí 100,000 dọ́là fún agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan, ilé oníyàrá mẹ́ta àti oyè orílẹ̀-èdè OON. Wọ́n tọ́ sí i, mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Àmọ́ owó ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn á gbé ẹgbẹ́ ọmọdé ní àdúgbò mélòó? A ń kórè pẹ̀lú ìlù àti fèrè níbi tí a kò náwó sí ebè.

Ìyẹn ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń sọ pé a ṣáà ń gba ife, kí ló kù? Ẹ bi àwọn tó gbà á. Ní 2004, wọ́n kọ̀ láti kúrò ní ilé ìtura ní Gúúsù Áfíríkà lẹ́yìn tí wọ́n gba ife, nítorí owó ìmóríyá. Ní 2016, wọ́n gba ife tán, wọ́n tún fẹsẹ̀ rìn ní Abuja kí wọ́n tó rí tiwọn. Ní 2019 ní Faransé àti ní 2022 ní Mòrókò, ìjà kan náà ni. Ní 2022 yẹn, Gúúsù Áfíríkà ló gba ife, Sáńbíà sì gba ipò kẹta mọ́ wa lọ́wọ́. Àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún wa ní agbára láti borí àìbìkítà wa. Kò sí ẹ̀rí pé wọ́n á máa ní in títí láé, nígbà tí àwọn tí wọ́n ń bá díje kò ní irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lórí mọ́.

Ibi tí iṣẹ́ wà

Àwọn kan á ní ààyè kò sí ní Ìbàdàn àtijọ́, ilé ti kún dé etí gọ́tà. Fún ẹgbẹ́ àgbà, òótọ́ ni. Fún ọmọ ọlọ́dún mẹ́sàn-án, pápá ńlá kọ́ ni wọ́n ń lò níbikíbi. Méje sí méje tàbí márùn-ún sí márùn-ún ni, àgbàlá ilé-ìwé sì tó bẹ́ẹ̀. Irú àgbàlá bẹ́ẹ̀ ṣì kù, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí wọn ló burú: wọ́n a ti géètì pa ní aago méjì ọ̀sán, tàbí kí wọ́n fi ṣọ́ọ̀bù yí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ká títí àárín á fi di ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ Gúúsù Ìlà-Oòrùn Ìbàdàn wà lórí òkè Màpó níbẹ̀ gan-an. Àṣẹ kí wọ́n ṣí géètì ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mẹ́ta fún wákàtí méjì nírọ̀lẹ́, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, fún àwọn ọmọbìnrin nìkan, kò nílò kọntiráàtì. Ìdí tí mo fi ní ọmọbìnrin nìkan ni pé bí wọ́n bá da méjèèjì pọ̀, ní ọ̀sẹ̀ kejì àwọn ọmọbìnrin á ti padà sórí pèpéle.

Ọ̀pọ̀ akọ́nimọ̀ọ́gbá ọmọdé gbà pé ẹni tó bá pé ọdún mẹ́tàdínlógún kó tó ní olùkọ́ ti pàdánù àkókò tí ẹsẹ̀ fi ń mọ bọ́ọ̀lù. Okun ló kù tí wọ́n lè fi kún un. Nítorí náà kò ní wúlò pé ká kàn dá ẹgbẹ́ àgbà sílẹ̀ lọ́la, ká kó àwọn ọmọ Calabar àti Warri wá wọ aṣọ Ìbàdàn. Ọgbọ́n Equatorial Guinea nìyẹn. Síbẹ̀, ẹgbẹ́ àgbà náà ní ìwúlò tirẹ̀, nítorí òun ni ọmọ kékeré á máa wò. CAF ti ń béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ọkùnrin tó bá fẹ́ kópa nínú ìdíje Áfíríkà pé kó ní ẹgbẹ́ obìnrin. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló ni Shooting Stars, ìpínlẹ̀ kan náà ló sì ni púpọ̀ nínú ilé-ẹ̀kọ́ girama tó wà láàárín Mọ́lété àti Bẹẹrẹ. Láti so méjèèjì pọ̀, kí àwọ̀ Shooting Stars wà lára ọmọbìnrin ọlọ́dún méjìlá tó ń lọ ìdíje ilé-ẹ̀kọ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ ní Adámásìngbà, ìwé kan láti ọwọ́ kọmíṣọ́nnà eré ìdárayá sí kọmíṣọ́nnà ètò ẹ̀kọ́ ló fẹ́, àti ìlà kan nínú ìṣúnná owó ọdọọdún tí wọn kò gbọdọ̀ pa rẹ́ nígbà tí ìjọba bá yí padà.